Iná Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi Kékeré: Ohun Tó Yẹ Kó Wà, àti Ibi Tó Yẹ Kó Wà

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kékeré ni mò ń tún ṣe. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń najú lópin ọ̀sẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń pẹja, èyí tí bàbá fi ń kó ìyàwó àti ọmọ gbafẹ́ lórí omi, irú wọn ló ń wá sọ́dọ̀ mi. Bí ẹni tó ni ín bá ti gbé e dé, kí n tó béèrè ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì, mo máa ń ní kó fi agolo ìpaná rẹ̀ hàn mí. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn á ṣí àpótí, wọ́n á gbé ìdákọ̀ró kúrò, wọ́n á gbé okùn kúrò, wọ́n á gbé àwọ̀n ẹja kúrò, nígbà tó bá yá, wọ́n á fa agolo kan jáde tí ìpẹtà ti jẹ ìdí rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, mo ti ń ka ìṣẹ́jú àáyá sínú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé iná ò lè rí ẹni tí omi yí ká gbé ṣe. Wọn ò mọ nǹkan kan. Bí iná bá ṣẹ́ nínú ilé, ẹ ó sá bọ́ síta. Lórí omi, omi ni ìta yẹn. Fáíbà ni wọ́n sì fi ṣe ara púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí. Oje tí wọ́n fi lẹ fáíbà náà pọ̀ a máa jó bó bá ti gbóná tó, èéfín rẹ̀ dúdú, ó sì lóró. Agolo ìpaná oníyẹ̀fun tó wọn kìlógíráàmù kan ńkọ́? Ìyẹ̀fun inú rẹ̀ kì í tú ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 8 sí 10 lọ tí yóò fi tán.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé agolo ìpaná wà láti lànà fún yín kí ẹ lè jáde. Bó bá gba ọkọ̀ là pẹ̀lú, ẹ dúpẹ́. Iṣẹ́ gidi ni kí iná má ṣẹ́ rárá, bó bá sì ṣẹ́, kí gbogbo nǹkan wà níbi tí ọwọ́ yóò ti bà á nínú òkùnkùn.

Ẹ kọ́kọ́ lo imú

Pẹtiróòlù tó wà nínú tánkì kọ́ ló ń jó. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ara rẹ̀ jáde ni. Afẹ́fẹ́ epo yìí wúwo ju èyí tí à ń mí sínú lọ, nítorí náà kì í gòkè. Ńṣe ló ń rọra ṣàn lọ sísàlẹ̀ ikùn ọkọ̀, níbi tí omi ìdọ̀tí máa ń rọ́ sí, á sì jókòó síbẹ̀. Bó bá ti tó nǹkan bí ìdá 1.4 nínú 100 afẹ́fẹ́ ibẹ̀, kí iná ta pàrà lẹ́ẹ̀kan lára sítátà ti tó. Bí epo bá ń jò lára mọ́tò, á kán sílẹ̀, atẹ́gùn á sì gbé afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ. Ikùn ọkọ̀ ojú omi ò ní ihò nísàlẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá ní, wàhálà mìíràn nìyẹn.

Bó bá jẹ́ pé inú ikùn ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnnì wà, fáànù kékeré kan yóò wà tó ń fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀ jáde. Ẹ tan án fún ìṣẹ́jú 4, ó kéré tán, kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ̀ ba, ẹ gbé imú sún mọ́ ibi tó rẹlẹ̀ jù, kí ẹ fà á símú. Fáànù lè máa kùn kó má sì máa ṣe iṣẹ́ kankan. Ọkọ̀ kan wà tí wọ́n gbé wá, fáànù rẹ̀ ń dún dáadáa, àṣé họ́ọ̀sì rẹ̀ ti já kúrò nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ òkè lásán ló ń fà. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kí ẹ mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan ń fẹ́ jáde; kí ẹ sì wo ìdí họ́ọ̀sì náà, kó rẹlẹ̀ dáadáa ṣùgbọ́n kí omi ìdọ̀tí má bò ó. Bí ẹ bá gbóòórùn epo, ẹ má yí kọ́kọ́rọ́, ẹ má tan iná kankan, kí gbogbo ènìyàn bọ́ sílẹ̀, kí ẹ wá ibi tó ti ń jò.

Ìgbà tí wọ́n bá ń rọ epo ló léwu jù. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ pa sítóòfù, kí gbogbo èrò bọ́ sórí ilẹ̀, àti ọmọdé àti àgbà. Lẹ́yìn náà, ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn, fèrèsé àti ìdérí ọkọ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń bá mi jiyàn, wọ́n á ní ṣé kò yẹ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ ni. Ó yẹ, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá rọ epo tán ni. Nígbà tí epo ń wọlé, ńṣe ló ń ti afẹ́fẹ́ inú tánkì jáde, bí fèrèsé bá sì ṣí, inú ọkọ̀ ló ń lọ. Bí ẹ bá ti dé tánkì, ẹ wá ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ tan fáànù, kí ẹ tún lo imú.

Tánkì tó ṣeé gbé, bíi ti ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kọ́ sí ìdí ọkọ̀, ẹ má rọ epo sí i nínú ọkọ̀. Ẹ gbé e bọ́ sílẹ̀, ẹ gbé e kalẹ̀ lórí ilẹ̀ gan-an. Epo tó ń ṣàn máa ń kó iná mànàmáná jọ díẹ̀díẹ̀ sára tánkì, pàápàá bó bá jókòó lórí kápẹ́ẹ̀tì tàbí lórí ike, tí iná yẹn ò sì ríbi gbà lọ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnu páńpù fara kan ẹnu tánkì ní gbogbo ìgbà tí epo ń dà. Ẹ má sì rọ ọ́ kún dé ẹnu. Epo tó tutù nínú tánkì abẹ́ ilẹ̀ á wú bí oòrùn bá pa á, ẹ fi ààyè bí ìdá 5 nínú 100 sílẹ̀ fún un.

Ní ti họ́ọ̀sì epo, ohun tí mo máa ń ṣe rèé, ẹ̀yin náà lè ṣe é láìmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì kankan. Mo máa ń mú àkísà funfun gbígbẹ tó mọ́, mo á fi di họ́ọ̀sì náà mú láti ibi tánkì, mo á máa nù ún bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé ẹ́ńjìnnì, mo á yí ọwọ́ ká ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí ojú ò tó. Mo á wá gbé àkísà náà símú. Bó bá ń rùn epo, họ́ọ̀sì náà ti lọ nìyẹn, kódà bí ojú ò rí ibi kankan tó lanu. Mo á tún tẹ̀ ẹ́ láàárín àtàǹpàkò àti ìka. Ó yẹ kó rọ̀ díẹ̀ kó sì padà bọ̀ sípò. Èyí tó le gbagidi, tó ń sán bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tàbí tó rọ̀ pọ̀ẹ̀pọ̀ẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìdè irin tó so ó mọ́ tánkì, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ibẹ̀ ni ìpẹtà máa ń fara pamọ́ sí.

Mo ní ìjà kan tí mò ń bá àwọn tó fẹ́ràn ọjà pọ́ọ́kú jà. Ọ́táńétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi iná sí bátìrì, àti sítátà mọ́tò lè bá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi mu géérégé, bóòtù rẹ̀ á wọlé, á sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ti dí i kí iná tó ń ta pàrà nínú rẹ̀ má baà kan afẹ́fẹ́ epo tó wà níta. Wọn kì í dí ti mọ́tò bẹ́ẹ̀, nítorí atẹ́gùn ń fẹ́ sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá gbé e wọ ikùn ọkọ̀ onípẹtiróòlù, ẹ ti kó ìṣáná wọlé nìyẹn. N kì í bá ẹnikẹ́ni fi í sí i, bó ti wù kó bẹ̀ mí tó.

Dísẹ́ẹ̀lì ò yá láti gbiná tó pẹtiróòlù, ṣùgbọ́n bí páìpù rẹ̀ bá là tó ń fọ́n sára sàlẹ́ńsà gbígbóná, ó ń jó burúkú. Ẹ nu epo àti gírísì kúrò lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ má sì jẹ́ kí àkísà olóròóró dúró síbẹ̀.

Gáàsì ìdáná

Gáàsì náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ lòun náà ń lọ. Sìlíńdà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí tirẹ̀ tí kò já sí inú ọkọ̀, tó sì ní ihò nísàlẹ̀ tó ń tú síta, lókè ojú omi. Bí ẹ bá dáná tán, ẹ pa á látibi sìlíńdà nígbà tí iná sítóòfù ṣì ń jó, kí ìwọ̀nba tó kù nínú họ́ọ̀sì jó tán, kí ẹ tó wá yí bọ́tìnnì sítóòfù. Ẹ fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ló ti ń jò. Ìṣáná kọ́ la fi ń wá ibi tí gáàsì ti ń jò, mo mọ̀ pé ẹ mọ̀, síbẹ̀ mo ní láti sọ ọ́. Ẹ fi kọ́ńtínì jìnnà sí sítóòfù, kí bùláńkẹ́ẹ̀tì ìpaná sì wà lára ògiri níbi tí ẹ ó ti fà á láìna ọwọ́ kọjá lórí iná.

Èéfín ẹ́ńjìnnì àti sítóòfù ní ohun kan tó ń jẹ́ carbon monoxide, kò láwọ̀, kò lóòórùn, a sì máa pa ènìyàn sójú oorun. Bí ọkọ̀ yín bá ní yàrá, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń ké bó bá rí i síbẹ̀, àti èyí tó ń ké bó bá rí èéfín. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé jókòó sí ìdí ọkọ̀ tàbí kó lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́.

Wáyà

Bí ọkọ̀ bá jóná, tí wọ́n bá tọpinpin rẹ̀ débi tó ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n á bá a lára wáyà. Bátìrì 12 fóòtì ò lè gbé ènìyàn jánlẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n máa fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wáyà tó nípọn bá kan irin láàárín bátìrì àti fíùsì, iná tó ń sáré gba inú rẹ̀ á mú un pọ́n bí ẹyin iná, á sì tan mọ́ ohun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, fíùsì gbọ́dọ̀ sún mọ́ bátìrì, kó má ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ẹ so bátìrì mọ́lẹ̀ kó má lè mì, kí ẹ fi nǹkan bo orí rẹ̀. Kí suwíìṣì kan wà tó ń gé gbogbo iná bátìrì, kó má sì sí nínú yàrá ẹ́ńjìnnì. Bí iná bá ń jó nínú yàrá yẹn, ta ni yóò lọ pa á?

Ọkọ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń jó lórí ìgbì. Wáyà tó ń fara gbo ara ihò pákó tàbí ihò irin á bó láìpẹ́. Ẹ tọ ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹ so ó mọ́ ògiri. Oríkèé tó ti ní ìpẹtà aláwọ̀ ewé ń gbóná ju bó ti yẹ lọ. Bí ẹ bá ń fa iná orí ilẹ̀ wọ ọkọ̀, ẹ fa púlọ́ọ̀gì rẹ̀ jáde kí ẹ wo ẹnu rẹ̀: bí ẹ bá rí ibi tó ti pupa rúsúrúsú tàbí tí ike rẹ̀ ti yọ́, kódà kó kéré bí orí abẹ́rẹ́, púlọ́ọ̀gì àti ibi tó ń wọ̀ ni ẹ ó pààrọ̀ papọ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ ọ̀kan ṣoṣo, èyí tó ti bàjẹ́ á tún ba tuntun jẹ́.

Bátìrì líthíọ́ọ̀mù fún fóònù, kámẹ́rà àti kẹ̀kẹ́ oníná ti pọ̀ nínú ọkọ̀ báyìí. Ẹ má fi wọ́n sára iná mànàmáná láti gba agbára lóru kí ẹ lọ sùn. Èyí tó bá wú tàbí tó ti jábọ́, ẹ má gbé e wọ ọkọ̀ mọ́. Bó bá gbiná, ìyẹ̀fun ìpaná lè pa ọwọ́ iná rẹ̀, ṣùgbọ́n ooru inú rẹ̀ ṣì ń hó, á tún gbiná. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ omi ló ń mú un tutù. Èyí tó kéré, tí ẹ bá lè fi nǹkan gbọ́n ọ́n sínú omi láìfọwọ́ kàn án, ẹ gbọ́n ọ́n sọnù.

Agolo ìpaná: èwo, mélòó, níbo

Òfin yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, ẹ béèrè ti ibi tí ẹ wà. Ní Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, ọkọ̀ tí kò tó ẹsẹ̀ 26, tó sì ní ibi tí afẹ́fẹ́ epo lè kóra jọ sí, gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán agolo kan tí wọ́n kọ 5-B sí lára. Láti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2022, èyí tí kò ṣeé tún rọ kò gbọ́dọ̀ ju ọdún 12 lọ láti ọdún tí wọ́n ṣe é. Ẹ wo ìdí agolo tàbí ara ìwé rẹ̀, ọdún náà wà níbẹ̀. B yẹn dúró fún iná epo. A dúró fún ohun tó ń di eérú, bíi pákó àti aṣọ. C dúró fún iná tó bá ṣẹ́ lára ohun tó ń lo iná mànàmáná. Ìyẹ̀fun tí wọ́n kọ ABC sí lára ló dára jù fún ọkọ̀ kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń ba nǹkan jẹ́. N kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi èyí tó ń tú CO2 sínú yàrá kékeré, torí bó ti ń lé afẹ́fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ iná ló ń lé e kúrò lọ́dọ̀ ènìyàn.

Tó bá jẹ́ èmi, ọ̀kan ṣoṣo ò tó, ohun yòówù kí òfin sọ. Ọ̀kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀. Bí yàrá bá wà, òmíràn á wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, níbi tí ẹni tó ń sá jáde yóò ti rí i, tí ẹni tó wà níta náà yóò sì lè nawọ́ mú un. Kò gbọ́dọ̀ wà lórí sítóòfù, kò gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá ẹ́ńjìnnì, kò sì gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ gbé e kọ́ sórí irin ìkọ́ rẹ̀ níbi tí ojú gbogbo ènìyàn tó, ì báà ba ẹwà ọkọ̀ jẹ́.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò ò gba àkókò. Ẹ wo abẹ́rẹ́ tó ń fi agbára inú rẹ̀ hàn, bóyá ó wà lórí àwọ̀ ewé. Ẹ wo ìdè rẹ̀, píìnì tí a ń fà yọ kí a tó tẹ̀ ẹ́, bóyá ó ṣì wà, àti ẹnu rẹ̀ bóyá aláǹtakùn ò ti kọ́lé sí i. Ohun tí wọn kì í ṣe ni kí wọ́n dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń gbọ̀n, ìyẹ̀fun inú agolo máa ń kì pọ̀ nísàlẹ̀ títí yóò fi le bí òkúta. Ọjọ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ nìkan ni yóò tú jáde, abẹ́rẹ́ á sì ti wà lórí àwọ̀ ewé látọjọ́ yìí wá. Lóṣooṣù, ẹ dojú agolo kọlẹ̀, ẹ gbé e sún mọ́ etí, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìdí rẹ̀ pẹ́pẹ́. Ẹ óò gbọ́ ọ bó ṣe ń rọ́ wálẹ̀ ṣààà, ẹ óò sì mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ìwúwo rẹ̀ ti yí. Bó bá dákẹ́, ẹ fi òòlù onírọ́bà gbá ìdí rẹ̀, kí ẹ tún gbọ́. Bó bá tún dákẹ́, ẹ gbé e fún àwọn tó ń tún un ṣe tàbí kí ẹ ra òmíràn.

Fún ẹ́ńjìnnì inú ikùn ọkọ̀, mo máa ń lu ihò kékeré kan sára ìdérí, mo á sì fi ike bò ó. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti ki ẹnu agolo bọ̀ láìṣí ìdérí. Bó bá jẹ́ èyí tó ń dá tú fúnra rẹ̀ lẹ ní nínú yàrá ẹ́ńjìnnì, ẹ mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tó ṣì ń ṣiṣẹ́, pàápàá ti dísẹ́ẹ̀lì, á fa gáàsì ìpaná náà mu tán. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì àti fáànù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ohun tó kù nínú ọkọ̀

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì ló ṣáájú gbogbo rẹ̀, ara ènìyàn sì ni àyè rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 50 sí lára jẹ́ ti ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ tó sì wà nítòsí ìrànwọ́. Èyí tí wọ́n kọ 150 sí lára ni wọ́n ṣe láti dojú ẹni tó dákú kọ òkè nínú omi. Ti ọmọdé gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n rẹ̀ mu. Ẹ wọ̀ ọ́ fún un, kí ẹ di èjìká jákẹ́ẹ̀tì náà mú kí ẹ gbé e sókè díẹ̀. Bó bá gòkè dé àgbọ̀n tàbí etí ọmọ, ó tóbi jù, tàbí kó jẹ́ pé ẹ ò so okùn abẹ́ itan rẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tó ń fẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ tú sìlíńdà kékeré inú rẹ̀ wò: bí ojú rẹ̀ bá ti lu, wọ́n ti lò ó.

Okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì bí ẹni tó ń wà á bá ṣubú, ẹ so ó mọ́ ẹsẹ̀ tàbí mọ́ ara jákẹ́ẹ̀tì. Ní Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2021, òfin ti mú un ní dandan fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí kò tó ẹsẹ̀ 26. Àwọn tó ń gbé e kọ́ sára sítíárì ni mo ń bá wí.

Ẹ ní rédíò VHF, èyí tí àwọn ọkọ̀ ojú omi fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tó ṣeé gbé lọ́wọ́, kódà bí ti ọkọ̀ bá wà, torí ti ọkọ̀ á kú bí bátìrì bá kú, ó sì lè jẹ́ inú yàrá tí iná ń jó gan-an ló wà. Ẹ kó òun àti iná ìpè-fún-ìrànwọ́, tọ́ọ̀ṣì, fèrè, ọ̀bẹ àti ẹ̀rọ PLB, bí ẹ bá ní in, sínú àpò kan tí omi ò lè wọ̀. PLB yìí ń ké sí sátẹ́láìtì lórí 406 MHz fún wákàtí 24, ó kéré tán, ṣùgbọ́n ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n ń wá. Ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀ ni àpò náà ń gbé. Garawa tó ní okùn lára, ìdákọ̀ró, páńpù ọwọ́, róbà ìléfòó tí a ń jù sí ẹni tó wà nínú omi, àti àkàbà tí ẹni tó wà nínú omi lè fà wálẹ̀ fúnra rẹ̀: ẹ mọ ìyẹn náà.

Bí iná bá ṣẹ́

Ẹ pariwo "Iná!" kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì wọ ọrùn kí ohunkóhun tó tẹ̀ lé e. Ẹ kó àwọn èrò lọ sí apá ibi tí iná ò sí, kí ẹ dẹwọ́ eré ọkọ̀, torí ọkọ̀ tó ń sáré ń fẹ́ atẹ́gùn sí iná. Bó bá jẹ́ ìdí ọkọ̀ ló ń jó, ẹ dojú ọkọ̀ kọ atẹ́gùn. Bó bá jẹ́ iwájú, ẹ kọ ìdí sí atẹ́gùn, kí èéfín àti ọwọ́ iná máa fẹ́ kúrò lára àwọn ènìyàn. Ẹ wá pa ẹ́ńjìnnì, epo, gáàsì àti iná bátìrì.

Kí ẹnì kan ti máa pè lórí rédíò nígbà tí ẹlòmíràn ń bá iná jà. Ẹ má dúró wo bóyá iná á kú. Ìkànnì 16 ni: "Mayday", ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ké pé ẹ̀mí wà nínú ewu, lẹ́ẹ̀mẹta, orúkọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, "Mayday" àti orúkọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ibi tí ẹ wà, pé ọkọ̀ ń jó, iye ènìyàn tó wà nínú rẹ̀, àti pé ẹ ti ń bọ́ sómi tàbí ẹ ṣì wà nínú ọkọ̀. Bí bọ́tìnnì pupa DSC, èyí tó ń fi ìpè ìrànwọ́ ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, bá wà, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Bí iná bá padà kú, ẹ tún pè wọ́n kí ẹ sọ fún wọn. Kò sẹ́ni tó máa bínú.

Ẹni tó mú agolo á kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà àbáyọ. Kó fa ìdè, kó dojú ẹnu agolo kọ ìdí iná, kó tẹ̀ ẹ́, kó máa gbọ̀n ọ́n sọ́tùn-ún sósì. Ọwọ́ iná tó ń lálá lókè kọ́ ló ń bá jà. Kò gbọ́dọ̀ fi omi pa iná epo tàbí ti òróró. Pákó, aṣọ àti tìmùtìmù, omi ń pa wọ́n, ó sì yí yín ká. Tìmùtìmù tó bá sì ṣeé jù, ẹ jù ú sómi. Bí èéfín bá ń jáde lábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì, ẹ má ṣí i láti wò ó. Afẹ́fẹ́ tuntun ni iná ibẹ̀ ń wá, bí ẹ bá ṣí i, ojú yín ló ń bọ̀. Ẹ lo ihò tí mo sọ, ẹ tú gbogbo agolo tán sínú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó wà ní dídé títí ìdérí á fi tutù lọ́wọ́.

Bí agolo bá tán tí iná ò kú, ìjà ti parí. Ẹ bọ́ sómi ní apá ibi tí atẹ́gùn ti ń wá, ẹ jìnnà sí ọkọ̀ torí epo lè máa jó lójú omi, kí ẹ sì di ara yín mú. Iná ìpè tí wọ́n ń mú lọ́wọ́ a máa jó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Ẹ nà án jáde sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ, kí ẹ má wò ó. Èyí tó ń fò, nǹkan bí 300 mítà ló ń gòkè, á sì jó fún ìṣẹ́jú àáyá 40. Ẹ má tàn án títí ẹ ó fi rí tàbí gbọ́ ọkọ̀ tó lè rí yín, àyàfi bó bá jẹ́ òru, tí ẹ sì mọ̀ pé ènìyàn wà nítòsí. Bí hẹlikọ́pítà bá ti dé orí yín, ẹ má yìn ín mọ́ rárá.

Ẹ fi ṣeré kí ó tó di òótọ́

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ọkọ̀ Conception jóná lóru nítòsí erékùṣù Santa Cruz ní California, ènìyàn 34 tó wà nínú yàrá ìsùn ìsàlẹ̀ sì kú. Ọ̀nà méjì ló wà tí wọ́n lè gbà jáde níbẹ̀, àtẹ̀gùn kan àti ihò pàjáwìrì kan, ṣùgbọ́n yàrá kan náà ni àwọn méjèèjì já sí, ibẹ̀ sì ni iná wà. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọkọ̀ lóru. Ọkọ̀ ńlá ni, ẹsẹ̀ 75, tí wọ́n fi ń ṣòwò, ṣùgbọ́n mo ti rí ọkọ̀ kékeré tó ní irú àṣìṣe yẹn: fèrèsé orí ibùsùn tí wọ́n di ìdákọ̀ró lé, tàbí tí ìdí rẹ̀ ti lẹ̀ pa. Ẹ ṣí tiyín lónìí. Kí ẹni tó sanra jù nínú yín gbìyànjú láti gbabẹ̀ jáde.

Kí ẹ tó kúrò ní èbúté, ẹ fi ibi tí agolo, jákẹ́ẹ̀tì, rédíò àti suwíìṣì bátìrì wà han gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kan tí kì í ṣe ẹni tó ń wà á mọ bí wọ́n ṣe ń pe Mayday. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ ní kí ọ̀kan nínú wọn dijú, kó wá agolo ìpaná láti orí ibùsùn rẹ̀. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, wọ́n sì máa ń yára ju bàbá wọn lọ.

Bí ẹ bá lo agolo, tí iná kú, tí ẹ sì dé ilẹ̀ láyọ̀, iṣẹ́ kù díẹ̀. Ìyẹ̀fun yẹn ń jẹ irin àti wáyà, pàápàá bí omi tàbí ọ̀rinrin bá bá a. Ẹ kọ́kọ́ fà á mu pẹ̀lú ẹ̀rọ, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ ohun tó ṣeé fọ̀, kí mẹkáníìkì sì wo gbogbo wáyà kí ẹ tó tan nǹkan kan. Agolo tí ẹ tẹ̀, ì báà ṣe ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ẹ má gbé e kọ́ padà. Ìyẹ̀fun díẹ̀ á ti há sẹ́nu rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sì máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ lọ rọ ọ́ tàbí kí ẹ ra òmíràn kí ọkọ̀ tó tún kúrò ní èbúté.